Ẹ̀yìn Ìwé Ẹ-Mú-Un-Wá

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ipò ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ti gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù méjì, ó ti nu fóònù, ó sì ti wo pátákó ara ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó pòṣé.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti so ìjà pọ̀. Kì í ṣe ìjà àdúgbò o. Ìjà àwọn tó fi ìjà ṣiṣẹ́ jẹ ni, irú èyí tí ọkùnrin méjì tí ìwọ̀n wọn bára mu máa ń wọ inú àgò onírin, tí wọn yóò kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tí wọn yóò ta ara wọn nípàá, tí wọn yóò sì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi gbà pé ó tó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ipò ti fi ń sọ ẹni tí yóò bá ẹni jà. Lórí pátákó rẹ̀, ìṣó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà fún àwọn oníwọ̀n àádọ́rin kílò, káàdì kan sì rọ̀ mọ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan, láti ipò kìn-ín-ní títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá na ẹni tó ga jù ú lọ, ìṣó onítọ̀hún di tirẹ̀. Orúkọ tí ìyá tó bí obìnrin náà sọ ọ́, gbogbo ọ́fíìsì ti gbàgbé. Ìyá Ipò ni wọ́n mọ̀.

Káàdì tó wà lórí ìṣó keje ló mú un pòṣé. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ni. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé oníjà tó bá lo ọdún kan gbáko láìní ìwé ìjà, káàdì rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, wọn yóò sì ní kó máa lọ ilé. Ọdún Ẹlẹ́rìn-ín yóò pé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an. Kí aago tó lu márùn-ún, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí oníjà méjì ti buwọ́ lù ú, kí Ìyá Ipò sì ti lu òǹtẹ̀ lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹlẹ́rìn-ín yóò gbájú mọ́ táìlì tó ń lẹ̀ sí ilé ìwẹ̀ onílé-onílé, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ipò wọra. Ọmọkùnrin náà kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìfiṣòfò ni kò lè fara mọ́. Ọmọ tó mọ ìjà jà tó báyìí, tí kì í pẹ́ dé ibi ìwọ̀n, tí kò fi gíráàmù kan ṣoṣo wúwo ju bó ṣe yẹ rí! Kí a wá da irú ẹni bẹ́ẹ̀ nù bí omi ìfọṣọ?

Ẹ̀rín ló bá nǹkan jẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín kì í fi èèyàn ṣẹ̀sín, ara rẹ̀ ló máa ń yá. Bí o bá kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹ̀rín. Bí ó bá gbé ọ ṣánlẹ̀, ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kì í sì ṣe ẹ̀rín kékeré, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, a máa ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ jáde láàárín eyín, a sì máa ràn bí iná ọyẹ́. Ìgbà tó jà kẹ́yìn, gbogbo gbọ̀ngán ló bá a rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà wá ká ìyàwó ẹni tó nà mọ́ ibi tó ti ń fọwọ́ di ikùn mú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì nà gbalaja sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó fẹ́ wọ àgò pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Bí o bá nà án, ẹni keje lásán lo nà. Bí ó bá nà ọ́, ìyàwó rẹ yóò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ Ajé ni Ìyá Ipò ti ń pè wọ́n. Òfin kò gbà kó wá ẹni tó ga ju ipò kejì lọ fún ẹni keje, kò sì gbà kó wá ẹni tó rẹlẹ̀ ju ipò kẹwàá lọ. Ẹni mẹ́jọ péré ló ṣẹ́ kù. Ó kọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sẹ́yìn ìwé kan, nítorí kì í kọ àkọsílẹ̀ sí ìwé tuntun. Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó kún fún ìwé tí wọ́n ti lo ojú kan rẹ̀. Gbogbo wọn ló da ojú wọn délẹ̀. Ojú tó ti bàjẹ́ kò kàn án mọ́, ẹ̀yìn tó mọ́ ni tirẹ̀. Bí ẹ̀yìn náà bá tún kún, yóò fa ìwé ọ̀hún ya sí mẹ́rin, yóò máa fi pélébé rẹ̀ sàmì sínú fáìlì.

Ẹni kejì ní òun ń dúró de bẹ́líìtì, òun kò lè sọ̀kalẹ̀ wá bá ẹni keje ṣeré ilẹ̀. Ẹni kẹrin fi àwòrán egungun ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ ránṣẹ́, òun nìkan sì ni Ìyá Ipò gbà gbọ́. Ẹni karùn-ún ní òun ti kúrò ní ìwọ̀n àádọ́rin kílò.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí, Mọ́mì. Mo jẹun."

Ẹni kẹfà ní ìyàwó òun fẹ́ bímọ.

"Ìyàwó rẹ bímọ lóṣù tó kọjá. Èmi ni mo ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọ."

"Òmíràn ni, Mọ́mì."

Ẹni kẹjọ ní èékánná ẹsẹ̀ òun ń ro òun. Ẹni kẹsàn-án ní Ẹlẹ́rìn-ín ló lẹ táìlì ilé ìdáná òun, báwo lòun ṣe fẹ́ gbá ẹni bẹ́ẹ̀ lójú? Ní ti ẹni kẹwàá, kóòṣì rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bèèrè pé, "Ẹlẹ́rìn-ín wo?" kò sì dúró gbọ́ èsì tó fi pa á.

Ó wá ku ẹni kẹta, Ẹ-Mú-Un-Wá. Igbe tó máa ń ké níwájú oníròyìn ni wọ́n fi ń pè é. Bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà sí i báyìí, yóò gbá àyà rẹ̀: "Ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ ṣáà mú un wá!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, níbi ìpàdé oníròyìn, ó já ìwé àdéhùn òfìfo gbà nínú fáìlì Ìyá Ipò, ó buwọ́ lù ú gàdàgbà, ó tẹ̀ka sí i, ó sì jù ú sókè. "Ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá wù yín sí i! Ẹ mú un wá!" Gbọ̀ngán hó yèè. Ìyá Ipò kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa gbogbo ìwé tí wọ́n dà sábẹ́ àga, ó fẹ́ eruku ara wọn dànù, ó sì kó wọn wá sínú páálí.

Lọ́jọ́ Ajé tó pe Ẹ-Mú-Un-Wá, inú ọmọkùnrin náà dùn dé etí.

"Ìjà? Mọ́mì, ẹ ti pẹ́ jù! Ta ni? Ẹ mú un wá!"

"Ẹlẹ́rìn-ín ni."

Lẹ́yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣṣṣ, kr̀r̀r̀. "Mọ́mì... n ò... gbọ́... ẹ̀rọ yìí..." Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìyá Ipò mọ ìró ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ó sì mọ ìró ẹni tó ń fi ẹnu ṣe ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ó tún pe gbogbo wọn láti orí dé ìdí. Èékánná kò tíì jinná. Oyún ṣì wà níbẹ̀. Ẹni karùn-ún tún ti jẹun. Ẹ-Mú-Un-Wá kò tilẹ̀ gbé fóònù.

Ní ọ̀sán gangan, Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ pè.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí ẹnì kan?"

"N kò tíì rí. Níbo lo wà?"

"Inú ilé ìwẹ̀ olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo wà. Mò ń lẹ ìlà tó kẹ́yìn." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó sì dún padà lára ògiri.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ òní?"

"Ẹkún ni mo fẹ́ sun, Mọ́mì. Mo ti lanu, àmọ́ ẹ̀rín ló jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rìn dé ìṣó keje yẹn."

Ìyá Ipò gbé fóònù sílẹ̀, ó sì tún yíjú sí ìṣó keje.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi rúlà fa ìlà lé orúkọ kẹjọ. Ó tán. Ìwé náà ti kún, kò wúlò mọ́, ó sì tẹ́ ẹ kó lè fà á ya sí mẹ́rin. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe fẹ́ ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó rí ìka ńlá kan tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ sí ojú kejì. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì ṣí ìwé náà wò.

Ìwé àdéhùn ìjà ni. Òǹkà ilé-iṣẹ́ wà lókè rẹ̀. Àyè orúkọ oníjà kejì ṣófo. Nísàlẹ̀, ìbuwọ́lù kan lọ́ bíi okùn tí ewúrẹ́ já: Ẹ-Mú-Un-Wá. Odidi ọjọ́ márùn-ún ló fi ń wá ẹni tí yóò buwọ́ lùwé, ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù ló sì ń kọ ọ́ sí!

"Ọ̀gáàà!"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò gbọ́ kí Ìyá Ipò pariwo rí. Ó rò pé iná ni. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sáré gòkè wá, ìdajì omi náà sì ti dà sí i lára kó tó wọlé.

"Iná dà?"

"Ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀, ẹ má fi ṣòfò. Ẹ ka èyí."

Agbẹjọ́rò ni Ọ̀gá kó tó di ọ̀gá. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún kà á. Ẹ̀rín músẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ irunmú rẹ̀. "Ìbuwọ́lù rẹ̀ rè é. Ìtẹ̀ka rẹ̀ rè é. Ogún kámẹ́rà ló rí i. Ìyá Ipò, ẹ kọ orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín sí i kíá!"

"Rárá. N kò ní kọ ọ́ lẹ́yìn ẹni tó ni ìbuwọ́lù. Kó kọ́kọ́ gbọ́ létí ara rẹ̀."

"Kò ní gbé fóònù yín!"

"Ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ máa gbé e."

Ìyá Ẹ-Mú-Un-Wá ló gbé e, ohùn rẹ̀ sì tó ti oníwàásù.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá Ipò ni o, ìyá wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yín dà?"

"Ó ń wẹ̀. Láti àárọ̀ tó ti ń rí orúkọ yín lórí fóònù ló ti ń wẹ̀. Ara rẹ̀ á ti bó báyìí."

Ìyá Ipò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un ní ṣókí: ìwé, ìbuwọ́lù, Ẹlẹ́rìn-ín, agogo márùn-ún. Kíá ni wọ́n gbọ́ bí màmá náà ṣe ń gbá ilẹ̀kùn ní àgbátúngbá. "Ìwọ ọmọ yìí, jáde níbẹ̀ yẹn! Wá dá àwọn èèyàn lóhùn!"

Ẹ-Mú-Un-Wá gba fóònù. "Mọ́mì... kr̀r̀r̀... ẹ̀rọ... ṣṣṣ..."

Nǹkan kan dún pà! Ẹ̀rọ bá dá ṣáká.

"Mo ń gbọ́ yín, Mọ́mì."

"Ìwọ lo buwọ́ lùwé yìí, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni. Àmọ́ eré ni mo fi ṣe, Mọ́mì."

"Èmi kò fi ìwé ṣeré rí. Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá ní kí n má kọ orúkọ sí i, n kò ní kọ ọ́. Màá fà á ya báyìí. Bí oníròyìn bá sì wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn, màá sọ bó ṣe rí. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀."

Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń sá fún. Ẹ̀rín yẹn ni. Gbogbo ayé ló máa bá a rẹ́rìn-ín."

"Kí lo ń sọ?" Ìyá rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀rín? Èmi tí mo ti ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí o ti ń jẹ ọṣẹ, ṣé o kú? Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n mú un wá? Nídìí oúnjẹ, ẹ mú un wá. Bí mo bá ní aládùúgbò ń kanlẹ̀kùn, ẹ mú un wá. Wọ́n ti mú un wá wàyí! Kí lo tún ń wo ilẹ̀ fún?"

Ohùn ọmọkùnrin náà ti rọ̀.

"Ẹ kọ ọ́, Mọ́mì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó fi ẹ̀rín náà mọ níwọ̀n."

Ìyá Ipò kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà gbòòrò. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín.

"Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Ẹni kẹta ti gbà. Kí agogo márùn-ún tó lù, ìbuwọ́lù rẹ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì mi."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu fóònù débi pé Ọ̀gá gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀: "Níbo lò ń lọ? Sìmẹ́ǹtì mi ńkọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín sọ fún un. "Irú ọ̀rọ̀ báyìí lo fi ń pamọ́? Ó yá, wọ ọkọ̀ mi!"

Ní agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, fóònù tún dún.

"Mọ́mì, a wà lọ́nà." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù wà nínú ẹ̀rín náà. "Àmọ́ bí olùkọ́ ṣe ń wa ọkọ̀ yìí... Wọ́n ń dúró fún ẹyẹlé. Ẹyẹlé náà kò sì tíì pinnu ibi tó ń lọ."

"Ẹni tó bá ń kánjú ni í kọlu èèyàn," ohùn olùkọ́ náà wọlé, ó tutù minijọ̀. "Ìgbànú rẹ ńkọ́?"

Ọ̀gá kò lè jókòó mọ́. Ó lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ tó ti rẹ ń dún fọ̀sọ̀fọ̀sọ̀. Nígbà tó di márùn-ún ku mẹ́jọ, ó gbójú sókè wo aago ara ògiri.

"Ìyá Ipò, bí a bá fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré..."

"Aago yìí kò purọ́ rí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ṣùgbọ́n òun náà ti dìde lọ sójú fèrèsé, ohun tí kì í ṣe lásìkò iṣẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀ títì. Ó rí ọkọ̀ pupa kékeré kan tó ń wọ́ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú fún kọ́nà tí kò tíì dé. Níwájú ọkọ̀ náà, ọkùnrin kan ń sáré tete, orúnkún rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ǹtì, ṣíbí ìlẹ̀táìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà fún ẹ̀rín. Ó ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ti sáré ju ọkọ̀ lọ. Olùkọ́ ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀: pín-ín! pín-ín! Àwọn tó ń kọjá rò pé olè tó jí ṣíbí ni, wọ́n sì yà fún un.

"Àjà kẹrin!" Ọ̀gá fi ọrùn yọ lójú fèrèsé. "Sá gòkè! Sá gòkè, ọmọ mi!"

Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àjà kìn-ín-ní. Ìkejì. Ní ìkẹta, ẹ̀rín náà dé ṣáájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbàà.

"Níbo, Mọ́mì?"

"Níbí yìí. Fi ṣíbí sílẹ̀ ná. Má ṣe kán nǹkan sórí ìwé mi."

Báírò yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó kún fún sìmẹ́ǹtì, ó mú un padà, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tó tẹ̀ka, kò wá yíǹkì rárá. Sìmẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ipò gbé òǹtẹ̀ sókè, ó sì lù ú mọ́ ìwé, gbì! Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹlẹ́rìn-ín wo ìwé, ó wo pátákó, ó wo káàdì tirẹ̀ lórí ìṣó keje. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà ran Ọ̀gá débi tó fi fara ti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo omi tó kù sì dà. Ìyá Ipò fún ètè rẹ̀ pọ̀. Ó wo òkè àjà. Ó ka ìṣó orí pátákó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ó rántí "Mo jẹun, Mọ́mì," ó sì bú sẹ́rìn-ín débi tí ìgò ojú rẹ̀ fi jábọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ àgbà náà ṣe wọlé bá wọn, tó ń mí gúlegúle.

"Ṣé ó ti buwọ́ lù ú?"

"Ó ti buwọ́ lù ú, ìyá wa!"

"Ó dáa. Ó yá, sìmẹ́ǹtì ilé ìwẹ̀ mi ń gbẹ." Ó di Ẹlẹ́rìn-ín lápá mú, ó sì mú un lọ.

Wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tí fóònù fi dún. Ẹni kẹjọ ni.

"Mọ́mì, mo gbọ́ pé Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ bá ẹni kẹta jà. Bí ó bá nà án, òun náà di ẹni kẹta nìyẹn, àbí? Ẹ jẹ́ kí èmi bá a jà lẹ́yìn ìyẹn."

"Èékánná rẹ ńkọ́?"

"Ó ti jinná! Ó jinná báyìí báyìí!"

Bó ṣe gbé e sílẹ̀, òmíràn tún dún. Ẹni karùn-ún ti padà sí àádọ́rin kílò. Ẹni kẹfà ní ìyàwó òun kò tilẹ̀ lóyún mọ́, àṣìsọ ni. Ìyá Ipò fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó sì mú ìwé kan nínú páálí láti kọ orúkọ wọn. Ó ti gbé pẹ́ńsù lé e kó tó rántí. Ó yí ìwé náà padà, ó ka ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ló tó kọ orúkọ àkọ́kọ́ sẹ́yìn rẹ̀.